Ṣé Ọ̀la Ti Wà Nílẹ̀ Láti Òní? Àlàyé lórí "ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀"

Ẹni tó bá máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀bùtè Ẹ̀pẹ́ á ti gbọ́ ọ rí. Ọlọ́kọ̀ á na life jacket sí èrò, èrò á ní òun ò fẹ́, ó ń mú ooru, ó ń rùn, á ba aṣọ òun jẹ́. Bí wọ́n bá tún bẹ̀ ẹ́, á wá mú ọ̀rọ̀ tó ń pa gbogbo ẹnu mọ́ jáde: "Bí ọjọ́ ẹni ò bá tíì pé, omi ò lè gbé e lọ. Bó bá sì ti pé, kí ni life jacket fẹ́ ṣe sí i?" Àwọn tó kù á mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọgbọ́n, ó dún bí ìgbàgbọ́, ta ló sì fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà?

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí kì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan ló mọ. Òun náà ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi ń pa oògùn tì, òun ni wọ́n fi ń sọ fún aboyún pé kó jókòó sílé. Ẹ̀mí ń bá a lọ. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn. Àṣìṣe nípa àkókò ni: kí ló túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kan nípa ọ̀la jẹ́ òótọ́ lónìí? Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ti ń tú u palẹ̀, ibi tí wọ́n sì bá a dé yẹ kó kúrò nínú yunifásítì kó dé ẹ̀bùtè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ èrò yẹn bó ṣe yẹ, ká má fojú tín-ín-rín wò ó, torí ó lágbára. Ó lọ báyìí. Lọ́la, yálà ọkọ̀ yìí yóò dà nù tàbí kò ní í dà nù. Kò sí ìkẹta. Bó bá jẹ́ pé yóò dà nù, a jẹ́ pé ẹni tó bá sọ lónìí pé "ọkọ̀ yìí yóò dà nù lọ́la" sọ òótọ́. Ohun tó bá sì ti jẹ́ òótọ́ láti òní, kò sẹ́ni tó lè padà lọ sọ ọ́ di irọ́. Nítorí náà, dandan ni kí ọkọ̀ dà nù. Bó bá jẹ́ pé kò ní í dà nù ńkọ́? Ọ̀nà kan náà la ó gbà fi hàn pé dandan ni kó má dà nù. Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ tún un kà. Ibo lẹ lè fọwọ́ tọ́ pé irọ́ nìyí?

Aristotle, ará Gíríìsì tó gbé ayé láti 384 sí 322 ṣáájú ìbí Jésù, gbé ìṣòro yìí kalẹ̀ ní orí kẹsàn-án ìwé kékeré kan tó kọ nípa gbólóhùn. Àpẹẹrẹ tó lò ni ogun ojú omi: "Ogun ojú omi yóò wáyé lọ́la." Àwa ará Ẹ̀pẹ́ ò nílò láti yá ogun ojú omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí ogun ojú omi ló bí Èkó Ẹ̀pẹ́, apá ìlú wa tí àwọn tó wá láti Èkó tẹ̀dó sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ wọ Èkó, àwọn èèyàn Ọba Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wọ́n tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun bíi Bloodhound àti Teaser. Ìbọn dún lójú ọ̀sà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti fi ìlú sílẹ̀, Akítóyè sì padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló wá tẹ̀dó síbí. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ìtàn ń pè ní Àdéhùn Ẹ̀pẹ́, títí dòní olónìí, wíwá rẹ̀ sí ìlú yìí ni a fi ọdún Kayokayo ń rántí.

Ẹ wá ronú sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá yẹn, kí ìbọn tó dún. Ká ní èèyàn méjì jókòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀kan ní, "Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, òyìnbó á ti lé Kòsọ́kọ́ kúrò nílùú." Ìkejì ní, "Ìwọ náà! Ṣebí a lé wọn lóṣù tó kọjá." Àwa tá a mọ bó ṣe parí mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ ló sọ òótọ́. Ohun tí Aristotle ń béèrè ni pé, ṣé òótọ́ ni ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an? Bó bá ti jẹ́ òótọ́ nígbà yẹn, kí ni Kòsọ́kọ́ ń to ìbọn ńlá sí etí omi fún? Kí ni àwọn tó wà nínú Bloodhound ń fi ẹ̀mí wéwu fún?

Aristotle fúnra rẹ̀ kò gbà pé ohun gbogbo jẹ́ dandan. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní í sí ìdí kankan fún èèyàn láti jókòó gbèrò tàbí láti ṣe wàhálà lórí ohunkóhun. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ gan-an, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe kà á ni pé, lóòótọ́ ni pé ogun yóò wáyé tàbí kò ní í wáyé, ṣùgbọ́n ọ̀kankan nínú méjèèjì kò tíì jẹ́ òótọ́ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì jẹ́ irọ́. Ní 1920, Jan Łukasiewicz, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, mú èrò yìí, ó sì fi dá lọ́jíìkì (ìyẹn ètò òfin ìrònú) tuntun sílẹ̀, èyí tó ní ipò mẹ́ta: òótọ́, irọ́, àti ohun kan tó wà láàárín. Gbólóhùn nípa ọ̀la tí kò tíì dájú ló fi sí ipò kẹta. Ó dára ní gbígbọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Nínú lọ́jíìkì Łukasiewicz, bí "ogun yóò wáyé" bá wà láàárín, tí "ogun kò ní í wáyé" náà wà láàárín, bí o bá fi "tàbí" so wọ́n pọ̀, àárín náà ni wọ́n ṣì wà. A jẹ́ pé "yóò wáyé tàbí kò ní í wáyé", ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀ pé kò lè jẹ́ irọ́, kì í ṣe òótọ́ mọ́. Èmi ò rò pé ó yẹ ká san tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀nà míì wà.

Bí ọmọ ilé ìwé kan ní Ẹ̀pẹ́ bá sọ lónìí pé "Kòsọ́kọ́ sá wá síbí", òótọ́ ló sọ. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló lé Kòsọ́kọ́ wá? Rárá. Wíwá tí Kòsọ́kọ́ wá ló sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà di òótọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń gbé gbólóhùn ró, gbólóhùn kì í gbé ìṣẹ̀lẹ̀ ró. Èyí yé gbogbo wa tó bá kan ohun tó ti kọjá. Bákan náà gẹ́lẹ́ ló sì rí fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 25 yẹn. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú ogun, ṣùgbọ́n ṣíṣáájú kò sọ ọ́ di ohun tó ń ti ogun lẹ́yìn. Ká ní ìbọn etí omi ti ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kejì ni, ẹni kejì ni ì bá ti sọ òótọ́, láti ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ohun tí àwọn èèyàn ṣe lójú ọ̀sà ni òtítọ́ ń dúró dè. (Gbólóhùn tó ń ròyìn lásán ni mò ń sọ o. Ọfọ̀, èpè àti àdúrà ní ọ̀rọ̀ tiwọn.)

Ibi tí àṣìṣe náà gan-an fara pamọ́ sí ni "dandan". Bí mo bá rí i pé ẹ jókòó, dandan ni pé ẹ jókòó, torí èèyàn kì í rí ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ta ló fi dandan mú yín jókòó? Ẹ lè dìde nísinsìnyí. Dandan yẹn wà láàárín rírí mi àti ìjókòó yín, ó so méjèèjì pọ̀. Kò bà lé ìjókòó yín nìkan. Èrò inú ọkọ̀ mú dandan tó so ohun méjì pọ̀, ó gbé e lé ọ̀kan ṣoṣo lórí.

Al-Farabi, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 950, ẹni tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ Kejì torí pé Aristotle ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́, lo ìyàtọ̀ yìí fún ìbéèrè tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìmọ̀ Ọlọ́run. Bí Ọlọ́run bá mọ̀ pé Zayd yóò rin ìrìn àjò lọ́la, ohun tó tẹ̀lé e láìyẹ̀ ni pé Zayd yóò rìn ín. Síbẹ̀, ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ kò di dandan. Zayd ṣì lágbára láti má lọ. Èmi á fi kún un pé, bí Zayd bá pinnu láti jókòó sílé, jíjókòó sílé náà ni Ọlọ́run ì bá ti mọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìmọ̀ tó péye kì í fi okùn so ẹni tí ìmọ̀ náà dá lé lórí.

Ẹnì kan lè takú pé: "Àná ò ṣeé yí padà. Bó bá ti jẹ́ òótọ́ lánàá pé ọkọ̀ yóò dà nù lọ́la, ìyẹn ti wọ inú àná, ó ti le bí òkúta." Ìbéèrè gidi ni. William ti Ockham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1347, dá a lóhùn pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní "àná" lára ló jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa àná. "Òjò rọ̀ lánàá" jẹ́ ti àná tinútìta. "Ó jẹ́ òótọ́ lánàá pé òjò yóò rọ̀ lọ́la" wọ aṣọ àná ni, ọ̀la ló ń sọ. Líle tí àná le kò kan irú gbólóhùn kejì yìí.

Ẹni tó sọ gbogbo èyí di ìmọ̀ tí a lè fi àmì kọ, bí a ṣe ń kọ ìṣirò, ni Arthur Prior, tí wọ́n bí ní ìlú Masterton ní New Zealand ní 1914. Ó yan àmì kan fún "ó ti ṣẹlẹ̀ rí", òmíràn fún "yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan", òmíràn fún "bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti ayébáyé", àti òmíràn fún "bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí". Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1957. Ní 1958, ọmọkùnrin ọdún 17 kan láti Omaha ní Amẹ́ríkà, Saul Kripke, kọ lẹ́tà sí i pé kó má wo àkókò bí ìlà kan ṣoṣo, kó wò ó bí igi: ọ̀nà kan ló wà lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n níwájú, ẹ̀ka ń yà. Nínú àwòrán yìí, ohun tó jẹ́ dandan ni ohun tó bá wà lórí gbogbo ẹ̀ka tó ṣì kù níwájú. Ohun tó wà lórí ẹ̀ka kan, tí kò sí lórí òmíràn, ṣeé ṣe, ó lè jẹ́ òun ni yóò ṣẹlẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n dandan kọ́. Nínú lọ́jíìkì yìí, "yóò ṣẹlẹ̀" àti "dandan ni kó ṣẹlẹ̀" ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú sì lè rí ibi tí èrò inú ọkọ̀ ti fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn onímọ̀ èrò nìkan. Ní 1977, Amir Pnueli, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi hàn pé lọ́jíìkì àkókò ló yẹ kí a máa fi yẹ ètò kọ̀ǹpútà wò, ó sì gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1996. Ẹ ronú sí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oní-POS ní Ọjà Olúwo. Ohun tí a fẹ́ kó dájú ni pé, nígbàkigbà tí owó bá kúrò ní àkáǹtì kan, àsìkò kan yóò dé lẹ́yìn náà tí yóò wọ èkejì, tàbí tí yóò padà síbi tó ti wá. "Nígbàkigbà" àti "àsìkò kan yóò dé": àmì Prior nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò báyìí: "O sọ ọ́ bíi pé àyànmọ́ ò sí." Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé ẹni tó já ọ̀rọ̀ èrò inú ọkọ̀ jù lọ jẹ́ ẹni tó gba àyànmọ́ gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Chrysippus lorúkọ rẹ̀, ará Gíríìsì, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà ayé tirẹ̀, aláìsàn ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ: bó bá ti wà nínú kádàrá rẹ pé ara rẹ yóò yá, yóò yá, bóo pe oníṣègùn bóò pè é, bó bá wà níbẹ̀ pé kò ní í yá, kò ní í yá, bóo pè é bóò pè é, nítorí náà má pe oníṣègùn. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Cicero ará Róòmù ló jẹ́ ká mọ èsì Chrysippus: ohun púpọ̀ wà tí kádàrá so pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá ní Milo yóò ja ìjàkadì ní Olympia, ẹnikẹ́ni kò lè wí pé "yóò jà á, bó ní ẹni tó ń bá jà, bí kò ní." Láìsí ẹni tí yóò bá jà, kò sí ìjàkadì. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bó bá jẹ́ pé ara aláìsàn yóò yá, ó lè jẹ́ pé ipasẹ̀ oníṣègùn ni yóò fi yá, pípè tí ó pe oníṣègùn sì wà nínú àyànmọ́ kan náà.

"Bóo ṣe é, bóò ṣe é": ibẹ̀ ni irọ́ wà. Kádàrá lè sọ pé ẹnì kan yóò dé Ìkòròdú láàyè. Kò túmọ̀ sí pé yóò dé láàyè, bó wọ life jacket, bí kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó sọ èyí kejì ti fi ohun tí kò sí nínú kádàrá kún kádàrá.

Àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ ò ní láti lọ sí Gíríìsì kí wọ́n tó gbọ́ èyí. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá. Nígbà tí Umar, kálífà kejì, ń lọ sí Ṣáámù, ìyẹn agbègbè Síríà, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì pinnu láti yí padà. Abu Ubayda, ọ̀gágun rẹ̀ níbẹ̀, bi í pé, ṣé kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún ni? Umar ní bẹ́ẹ̀ ni, a ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́run bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Ó wá bi í pé, bí ẹni tó ní ràkúnmí bá dé àfonífojì tí ẹ̀gbẹ́ kan tutù yọ̀yọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ, ṣebí ibi tútù tó bá da ẹran sí, kádàrá ni, ibi gbígbẹ tó bá dà á sí náà, kádàrá ni. Nínú èrò Yorùbá náà, àwọn àgbà tó sọ pé àkúnlẹ̀yàn wà ni wọ́n sọ pé àfọwọ́fà wà. Wọn ò da méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè kan kù tó jinlẹ̀ ju gbogbo èyí lọ, òun ni kò sì tíì ní ìdáhùn tí gbogbo èèyàn gbà. Ṣé ọ̀la tiẹ̀ wà? Ní 1908, J. M. E. McTaggart, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ní Cambridge, pín ọ̀nà tí à ń gbà to ìṣẹ̀lẹ̀ sí méjì. Èyí tó pè ní A ni ti àná, òní àti ọ̀la: ogun 1851 ti fìgbà kan jẹ́ ọjọ́ iwájú, ó di òní, ó sì kọjá lọ. Èyí tó pè ní B ni ti ṣáájú àti lẹ́yìn: ogun 1851 ṣáájú Àdéhùn 1854, ìyẹn kò sì ní í yí padà láéláé. McTaggart ní láìsí A kò sí àkókò, torí B nìkan kò ní ìyípadà nínú. Ó tún ní A ta ko ara rẹ̀. Ó wá parí rẹ̀ sí pé àkókò kò sí rárá. Díẹ̀ ló tẹ̀lé e débẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ méjì ti dúró: àwọn tó ní òní nìkan ló wà, àná ti lọ, ọ̀la kò tíì sí, àti àwọn tó ní gbogbo ọjọ́ ló wà pọ̀, bí Ẹ̀pẹ́ àti Badagry ṣe wà pọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn kò lè dúró síbi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Einstein, onímọ̀ físíìsì, gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ti 1905 fi hàn pé ẹni méjì tó ń sáré kọjá ara wọn lè ṣàì fohùn ṣọ̀kan lórí ìṣẹ̀lẹ̀ jíjìnnà tó ń ṣẹlẹ̀ "báyìí", kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ní 1967, Hilary Putnam, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fa èyí lọ síwájú: bí "báyìí" tèmi àti ti ẹlòmíràn bá yàtọ̀, ohun tó jẹ́ ọjọ́ iwájú lójú mi lè ti wà lójú rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ iwájú ti wà. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ìyẹn. Kó má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, torí bí gbogbo ọjọ́ bá tiẹ̀ wà pọ̀, ìpinnu wa àti ohun tó ti ìpinnu náà jáde wà nínú wọn, pẹ̀lú okùn tó so wọ́n pọ̀. Èsì Chrysippus ò mì.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n fara mọ́ ẹgbẹ́ kejì pátápátá ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí Prior kọ ní 1959. Nígbà tí ọmọ yín bá jáde nínú yàrá ìdánwò WAEC, tó mí kanlẹ̀, tó ní "Ọpẹ́ ni, ó ti parí!", kí ló ń dúpẹ́ fún? Kò lè jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò náà ṣáájú ọjọ́ tó tẹ̀lé e ló ń dúpẹ́ fún, torí ìyẹn jẹ́ òótọ́ láti ọdún tó kọjá, kò sì dúpẹ́ nígbà yẹn. Pé ó ti kọjá ló ń dúpẹ́ fún, kíkọjá sì ni ohun tí ètò B kò ní ibi tí yóò fi sí. Àwọn tó di B mú fèsì pé ìmọ̀lára ọpẹ́ yẹn kàn máa ń wáyé lẹ́yìn ohun tó nira ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe dá wa, kò sí ohun míì tó yẹ kí a wá nínú rẹ̀. Ó ṣàlàyé ìgbà tí ọmọ náà dúpẹ́. Ohun tó dúpẹ́ fún ni kò tíì ṣàlàyé lójú tèmi.